Mo Gba Addis Ababa Lọ sí Èkó

Libreville kò jìnnà sí Èkó. Bí ẹyẹ bá gbéra létí òkun wa níbí láàárọ̀, tí ó sì fò tààrà, kí oòrùn tó wọ̀ ni yóò ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe ẹyẹ. Bàálù tí ń lọ láìyà síbì kankan, ó lè wà lọ́dún yìí kí ó má sí lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí náà Lomé ni àwa oníṣòwò ọjà Rio ní Libreville sábà máa ń gbà. A ó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, a ó jókòó títí ìdí yóò fi máa ro wá, a ó tún wọ òmíràn. Síbẹ̀ náà, ẹni tó bá kúrò nílé láàárọ̀ lè sun Èkó lálẹ́.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, Addis Ababa ni mo gbà. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe tẹ́ yóò mọ̀ pé ohun tí mo ṣe dà bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ ti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta, tó wá kọ́kọ́ lọ sí Kánò. Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Rio wò mí títí. Ọmọ Gabon ni, ó sì ti ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi rí.

Ó fi Faransé bi mí pé, "Màmá, ṣé kì í ṣe Lomé lẹ fẹ́ sọ?"

Mo ní, "Addis ni."

"Màmá, ẹ̀yìn lẹ máa kọ sí ilé yín o. Ẹ máa la Áfíríkà kọjá tán, ẹ ó tún wá là á padà."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ṣáà bá mi kọ ọ́."

Àbúrò mi obìnrin ló fà á. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Èmi tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Gabon nígbà tí mo ṣì kéré, mo sì ń ta báàgì àti bàtà ọmọdé ní Rio títí di òní. Òun tẹ̀lé ọkọ tirẹ̀ lọ sí Ṣáínà, sí ìlú Guangzhou, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wa ra ọjà, tí wọ́n sì ń dì í sínú kòńténà. Ọjọ́ tí a sọ àbíkẹ́yìn mi lórúkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fojú rí i gbẹ̀yìn. Ọmọ náà ti wọ yunifásítì báyìí. Bí èmi bá lọ sílé, òun kò ní lè wá. Bí òun bá rí àyè, ìwé tèmi á wà lọ́wọ́ ìjọba, wọn ò tíì tún un ṣe. Nígbà tí ìyá wa kú, àwa méjèèjì ò sí nílé. Mùsùlùmí ni wá, ọjọ́ tí wọ́n kú náà ni wọ́n sin wọ́n. Orí fóònù la ti bá ara wa sunkún.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó pè mí. Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ń fi aṣọ tútù nu eruku ara bàtà.

"Àǹtí mi, mo ń bọ̀ wálé o."

"Ilé wo? Nàìjíríà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ wá sinmi díẹ̀."

"Kí ló ṣe ọ́ tó fi jẹ́ pé ilé lo ti fẹ́ wá sinmi?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní inú ló ń dun òun, pé ọgbẹ́ inú ni, àti pé oúnjẹ ibẹ̀ kò bá òun lára mu mọ́. Ó ní ọkọ òun àti àwọn ọmọ kò ní bá òun wá. Ìwé ìgbélùú ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Bí ó bá fẹsẹ̀ kan jáde ní Ṣáínà, kò ní lè padà wọlé, iléèwé àwọn ọmọ sì wà níbẹ̀. Òun nìkan ni yóò wá. Bàálù yóò gbé òun dé Addis, òun yóò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, òun yóò sì wọ èyí tó ń lọ sí Èkó.

Nígbà tí mo délé wa ní àdúgbò PK12, mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi fi ibi tí Addis wà hàn mí lójú fóònù rẹ̀. Faransé ló ń sọ jù nínú gbogbo wọn, ó máa ń gbọ́ Yorùbá mi, á sì fi Faransé dá mi lóhùn. Ó fi ìka ya gbogbo ayé kékeré, ó ní, "Maman, òdìkejì ni. Wo Guangzhou lọ́hùn-ún. Wo àwa níbí. Addis ló wà láàárín." Ó tẹ nǹkan díẹ̀ sí i, ó sọ iye wákàtí fún mi. Láti Guangzhou dé Addis, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi ọjọ́ tí mo fi ń ta ọjà, láti ìgbà tí mo bá ṣílẹ̀kùn títí di ìgbà tí mo bá tì í. Láti ọ̀dọ̀ wa dé ibẹ̀, ó tó ìdajì ìyẹn. Láti ibẹ̀ sí Èkó, ó tún tó ìdajì. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń wò ó. Ìdajì ọjọ́ ọjà kan. Mo bi ara mi pé ìgbà wo ni èmi àti àbúrò mi jọ jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọkọ mi, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní àdúgbò Atong Abè, kò kọ́kọ́ gbà.

Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, dúró dè é ní Èkó. Ibẹ̀ náà ló ń bọ̀."

Mo ní, "Ẹ gbọ́, Bàbá. Tó bá dé Èkó, ẹbí ọkọ rẹ̀ á ti dúró síbẹ̀. Tó bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo agboolé á kún. Á máa kí àlejò, á máa pín ẹ̀bùn. Ibo ni mo ti fẹ́ rí i níbẹ̀? Nínú bàálù, kò sí ẹni tó lè gbà á mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó ń yọ epo ẹ̀rọ kúrò ní èékánná. Lẹ́yìn náà ó ní, "Lọ. Ṣùgbọ́n mú súwẹ́tà dání. Wọ́n ní ibẹ̀ tutù."

Ọjọ́ tí mo ń lọ, a tètè kúrò ní PK12 nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì. Mo wọ bàálù lọ́sàn-án. Nígbà tó gbéra, tó yí imú padà kúrò lójú òkun, tó kọjú sínú igbó, ara mi kọ̀ ọ́. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń rìnrìn àjò, òkun ni mo máa ń rí lábẹ́ mi títí tí a fi ń dé apá ilé. Lọ́jọ́ náà, igbó ni, igbó dúdú tí kò lópin, ìkùukùu sì wá bò ó. Mo wí lọ́kàn mi pé mo ń lọ pàdé ọmọ ìyá mi. Mo ń wí i bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Òótọ́ ni ọkọ mi sọ nípa òtútù Addis. Mo wọ súwẹ́tà náà lé aṣọ méjì, mo ká ẹsẹ̀ lé àga, mo sì fi ìjókòó sùn bí gbogbo èèyàn ṣe ń sùn níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kí ìrun àárọ̀ mi, mo lọ dúró síwájú pátákó tí wọ́n ń kọ orúkọ ìlú sí. Wọ́n ti kọ nǹkan pupa sí ẹ̀gbẹ́ Guangzhou. N kò mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n ohun pupa kì í ṣe ìròyìn ayọ̀.

Mo lọ bá obìnrin òṣìṣẹ́ kan. Gẹ̀ẹ́sì mi ti dógùn-ún nítorí Faransé, ṣùgbọ́n a gbọ́ ara wa yé. Ó ní ìjì òjò ni kò jẹ́ kí bàálù Guangzhou tètè gbéra. Ó ti wà lójú ọ̀run báyìí, ṣùgbọ́n ó di ọ̀sán kó tó balẹ̀.

Mo ní, "Ti Èkó ńkọ́?"

"Ti Èkó ò ní dúró, màmá. Wọ́n ti ń pè yín. Ẹ lọ wọlé. Àbúrò yín á wọ tọ̀la."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú àpò wọn, wọ́n ń pariwo bí a ṣe máa ń pariwo. N kò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́.

"Mi ò lọ."

"Màmá, bí ẹ bá pàdánù èyí, n kò lè ṣèlérí pé àyè á wà lọ́la."

"Kò burú. Àbúrò mi ni mo wá pàdé."

Ó wò mí bí ẹni pé kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó gba ìwé ìrìnnà mi, ó bi mí ní orúkọ àbúrò mi, ó tẹ kọ̀ǹpútà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Ó ní, "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé aláìsàn ni. Wọ́n ní kí àga onítáyà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà bàálù."

Mo ní kì í ṣe òun. Mo ní ọgbẹ́ inú lásán ló ń ṣe tèmi. Obìnrin náà kò jà mí níyàn. Ó wá àyè fún àwa méjèèjì nínú bàálù ọjọ́ kejì, ní ìjókòó tó fara kan ara, ó sì fi ibi tí mo máa dúró sí hàn mí.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí àwọn èrò Guangzhou bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sàn-án. Mo ń wá obìnrin kan tó sanra dáadáa, tó máa ń rìn bíi pé òun ló ni ilẹ̀. Àwọn ọmọ Ṣáínà kọjá, àwọn oníṣòwò kọjá, ìyá àti ọmọ kọjá. Ọkùnrin kan ti arúgbó kan kọjá lórí àga onítáyà, wọ́n fi ìbòrí dì í lórí, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lẹ́sẹ̀. Mo yẹ̀ fún wọn.

Ohùn kan ní ẹ̀yìn mi ní, "Àǹtí mi, ẹ ò dá mi mọ̀ ni?"

Ohùn rẹ̀ nìkan ni kò rù. Mo kúnlẹ̀ síwájú àga náà, èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó fúyẹ́, ó gbóná. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé kí n dìde, pé àwọn èèyàn ń wò wá. Ọkùnrin tó ń ti àga yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mo ní, "Ọgbẹ́ inú ni wọ́n pe èyí?"

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kúrò lójú ọ̀nà."

Wọ́n kó gbogbo àwa tí a fẹ́ sun ibẹ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n fún àwa méjèèjì ní yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí. Nígbà tí a débẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé oògùn ìrora rẹ̀ wà nínú àpótí ńlá rẹ̀, àpótí náà sì ti wọ abẹ́ bàálù. Wọ́n ní Èkó ni a ó ti rí i. Èyí tó kó sí àpò ọwọ́ ti tán, nítorí pé inú bàálù tó dúró lójú kan ló ti lò ó, nígbà tí wọ́n ń retí kí òjò Guangzhou dá.

Ó jókòó sétí ibùsùn. Ó ní, "Àǹtí mi, mo fẹ́ wẹ̀, ṣùgbọ́n apá mi kan kì í lọ sókè mọ́."

Mo po omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo bọ́ aṣọ lára rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré, tí ìyá wa bá lọ sọ́jà. Ọmú rẹ̀ kan ti lọ. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti di egbò tí wọ́n fi bándéèjì dì, ó sì ti gba abẹ́ apá.  Mo di etí garawá omi náà mú.

Ó ní, "Ẹ rọra da omi sí i lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kó kan iwájú."

Mo da omi sí i lẹ́yìn. Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n ní ó tán. Ó tún padà wá."

"Jẹjẹrẹ?"

"Òun ni."

"A sì jọ ń sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Ò ń bi mí bóyá bàtà tó ní iná nídìí ń tà!"

Ó ní, "Mo mọ̀ yín, Àǹtí mi. Ẹ máa sunkún lórí fóònù. Mi ò ní lè gbé ẹkún yín mọ́ tèmi. Ẹ̀yin náà ò sì lè wá. Kí ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ ṣe?"

 Mo fi ọṣẹ pa á lẹ́yìn. Mo nù ún gbẹ. Mo fi aṣọ mi wọ̀ ọ́, nítorí pé tirẹ̀ wà nínú àpótí, ó sì tóbi jù ú lọ.

Kí oòrùn tó wọ̀ ni ìrora náà dé. Mo sáré lọ bá ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, ó sì mú mi lọ sí ilé oògùn kan ní oríta. Obìnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ mi dáadáa. Ó ní irú oògùn tí mo ń wí, a kì í tà á láìsí ìwé dókítà tó wà nílùú náà. Ó fún mi ní èyí tí èèyàn ń lò bí orí bá ń fọ́ ọ. Nígbà tí mo gbé e dé, àbúrò mi wo páálí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé méjì mì láìjiyàn.

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ máa sọ̀rọ̀. Ẹ má dákẹ́. Ẹ sọ ti Rio fún mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo sọ bí àwọn onítakisí wa kì í ṣe dúró. Èèyàn á pariwo ibi tó ń lọ àti iye tó fẹ́ san bí ọkọ̀ bá ṣe ń kọjá. Bí ó bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, á fọn fèrè, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kàn lọ ni. Mo sọ pé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo rò pé ìjà ni gbogbo wọn ń jà. Mo sọ ti obìnrin Bẹ̀nẹ̀ tó ń ránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, tí Nàgó rẹ̀ àti Yorùbá mi máa ń pàdé lọ́nà, tí wọ́n á sì tún ṣìnà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mo sọ ti òjò PK12 àti amọ̀ tó máa ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Nígbà mìíràn á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á wá dùn ún, á ní kí n má pa òun lẹ́rìn-ín mọ́. Bí mo bá dákẹ́, èékánná rẹ̀ á wọ̀ mí lára. Mo sọ ọ́ títí ẹnu mi fi gbẹ. Odidi ọjọ́ kan la rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, àwa tí a ti ń wá ìdajì ọjọ́ kiri, a ò sì rí ohun kan fi ṣe ju pé kí a jọ máa retí kó tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti àga rẹ̀ wọ bàálù Èkó ṣáájú gbogbo èèyàn. Mo ní kí ó jókòó sétí fèrèsé. Òṣìṣẹ́ bàálù kan gbé ìrọ̀rí méjì wá fún wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Níwájú ìjókòó wa, àwòrán ilẹ̀ ń tàn, bàálù kékeré kan sì ń rá lórí rẹ̀ bí èèrà. Àbúrò mi kò lè wo ìta pẹ́, ìmọ́lẹ̀ náà ń gún un lójú, nítorí náà àwòrán yẹn ló ń wò.

Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Àǹtí mi, kí ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ yẹn?"

"Libreville."

"Libreville tiyín?"

"Tiwa ni."

"Èkó wá dà?"

Mo nàka sí i. Ó gbé ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, ó fi ìka méjì wọn àárín ìlú méjèèjì. Àlàfo náà kò tó èékánná ọmọdé. Ó wá gbé ìka méjèèjì yẹn lọ sápá ọ̀tún, bíi pé ó fẹ́ wọn ti Guangzhou, ṣùgbọ́n àwòrán náà kò dé ibẹ̀. Ìka rẹ̀ bọ́ sórí ike dúdú.

Ó ní, "Ó ṣe wá sún mọ́lé tó báyìí?"

"Ó sún mọ́ ọn lójú àwòrán."

"Mo rò pé bákan náà ni èmi àti ẹ̀yin ṣe jìnnà sílé. Gbogbo ọdún yìí. Mo máa ń wí fún àwọn ọmọ pé ẹ̀gbọ́n mi wà ní òpin ayé kan, àwa wà ní ìkejì." Ó mí díẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé nígbà tí bàbá wọn ń wá ibi tí a máa lọ, ẹnìkan sọ pé ká wá bá yín ní Gabon?"

N kò mọ̀. Kò sọ ọ́ fún mi rí.

"Èmi ni mo kọ̀. Mo ní inú igbó ni, ó jìnnà. Wọ́n ní ti Ṣáínà, èèyàn á wọ bàálù, á sùn, bó bá jí, ó ti dé. Mo wá rò pé ibẹ̀ ló yá."

Mo ní, "Gabon náà ní wàhálà tirẹ̀. Àìmọye ọjọ́ ni mo ti sunkún níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n à bá jọ máa sun ún."

Mo gbé orí rẹ̀ lé èjìká mi. Mo rò pé yóò sùn. Kò sùn. A ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá wa, nípa ọkọ tó kọ́kọ́ wá fẹ́ ẹ, tó ń kólòlò, tí bàbá wa sì lé lọ, nípa ohun tí ó fẹ́ kí n kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ bí mo bá rí i lọ́jọ́ kan. Nígbà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ó ní, "A ti dé? Ó yá jù." Nínú gbogbo ìrìn àjò ayé mi, òun nìkan ni mo gbọ́ tó wí bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàálù fẹ́ balẹ̀ sí Èkó.

Ẹbí ọkọ rẹ̀ ti gbé mọ́tò wá. Wọ́n rí i, wọ́n bú sẹ́kún níbẹ̀, òun ló wá ń pẹ̀tù sí wọn nínú. A rí àpótí rẹ̀ gbà. Ó lo oògùn rẹ̀ nínú mọ́tò, ó sì sùn títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Àwọn dókítà tó wò ó nílé kò tan wá jẹ. Wọ́n ní kí a tọ́jú rẹ̀ kí ara lè máa dẹ̀ ẹ́, pé ohun tó kù nìyẹn. Mo dúró tì í ní ilé bàbá wa, nínú yàrá tí ìyá wa ń sùn. Mo ń wẹ̀ fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n káàdì tí ìjọba Gabon fi ń gba àlejò láyè fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí káàdì náà bá kú kí n tó padà, ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ni wọn yóò ti dá mi dúró, ọkọ mi àti àwọn ọmọ sì wà lọ́hùn-ún. Mo sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Mo ti sọ ọ́ tì lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè sọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ máa lọ, Àǹtí mi. Kò kúkú jìnnà. Mo ti rí i."

Mo gba Lomé padà. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí mo dé Libreville.

Kò pẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi pè mí. Mo wà ní Rio, oníbàárà kan ń wọn bàtà sẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ àbúrò mi ló pè. Ó kọ́kọ́ kí mi, ó béèrè ara àwọn ọmọ, nígbà tó sì béèrè pé ṣé mo jókòó, mo ti mọ̀. Wọ́n ní ó kú lẹ́yìn ìrun àárọ̀, pé àwọn yóò sin ín kí ìrun ọ̀sán tó kọjá. Mo kó bàtà tó wà lọ́wọ́ mi padà sínú páálí. Obìnrin Bẹ̀nẹ̀ tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo ojú mi, ó dìde, ó bá mi kó ọjà wọlé láìbi mí ní ìbéèrè kan. Ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n gbé fóònù síbi tí mo ti lè gbọ́. Mo gbọ́ àdúrà náà, mo gbọ́ ọkọ́ tó ń kan ilẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni ọkọ rẹ̀ pè mí láti Guangzhou. Ó ti ń pè mí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún nìkan ló máa ń sun. Lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ dúró. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tiwọn.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ bí ìrìn àjò yẹn ṣe rí. Èmi ni mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà níbí, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́hùn-ún. Kò sọ púpọ̀ fún mi lórí fóònù."

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti òjò, ti àga onítáyà, ti òtẹ́ẹ̀lì. N kò sọ ti ìrora náà tó bó ṣe tó. Mo sọ ti àwòrán ilẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ó rí oorun sùn nínú bàálù?"

Mo ní, "Kò sùn. A jọ ń sọ̀rọ̀ ni."

 Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ mi níbí, nígbà tó yá, kì í sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó ní kí n kí àwọn ọmọ. Àgbà ti sùn. Ọmọbìnrin, tó jẹ́ àbúrò, ló gba fóònù. Mo kí i ní Yorùbá, kò dáhùn. Mo fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó kù mí kù kí i, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Ṣáínà, n kò gbọ́ ọ.  Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí sínú fóònù, kò gbé e sílẹ̀, èmi náà kò gbé e sílẹ̀, títí bàbá rẹ̀ fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó ní ó ti tó àkókò kí ó lọ sùn.